Ìgbà wo ni ó yẹ kí olùwádìí dá ìwákiri dúró nínú àwọn ìwé àtijọ́?

Ìbéèrè, láti ọwọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ìwádìí, mo kí yín o. Mo ń kọ àpilẹ̀kọ fún oyè kejì lórí bí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ṣe dìde sí owó-orí ní Abẹ́òkúta láàárín ọdún 1945 sí 1949. Ìbéèrè tí mo gbé wá kò jẹ mọ́ ìtàn náà fúnra rẹ̀ bí kò ṣe ọ̀nà tí ènìyàn fi ń mọ̀ pé òun ti wá nǹkan dé ibi tí ó yẹ kí òun dúró.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé tí Funmilayo Ransome-Kuti dá sílẹ̀ ní 1944 ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọlọ́jà, ó sì di ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta ní 1946. Ní ìparí 1947 ni àwọn obìnrin tú jáde lọ sí ààfin. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá kúrò nílùú lọ sí Òṣogbo ní 1948, ó fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949, ó sì padà sórí ìtẹ́ ní 1950. Gbogbo èyí ti wà nínú ìwé. Ohun tí èmi ń wá ni bí wọ́n ṣe ń gba owó-orí náà lọ́wọ́ obìnrin gan-an: ta ni ó ń lọ láti ilé dé ilé, báwo ni wọ́n ṣe ń pinnu pé ọmọbìnrin kan ti dàgbà tó ẹni tí ń sanwó, kí sì ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tí kò bá rí i san?

Mo ti ń ka àwọn fáìlì ìgbà ìjọba amúnisìn ní National Archives tó wà ní Ìbàdàn, pàápàá àwọn tí wọ́n kó sábẹ́ Abe Prof, ìyẹn àkójọ ìwé ìjọba amúnisìn fún ẹkùn Abẹ́òkúta. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí fáìlì tí mo ṣí tí n kò rí ohun tuntun kọ sílẹ̀ láti inú rẹ̀. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń bá pàdé lemọ́lemọ́, àwọn ìwé ẹ̀bẹ̀ kan náà àti àwọn ìjábọ̀ kan náà. Síbẹ̀, fáìlì tí n kò tíì ṣí ṣì pọ̀ nínú ìwé atọ́ka, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ohun tí mo ń wá lè wà nínú èyí tí mo bá fi sílẹ̀. Alábòójútó iṣẹ́ mi ní kí n dúró nígbà tó bá ti tó. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n n kò mọ bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó. Ǹjẹ́ àmì kan wà tí ẹ̀yin fi ń dá a mọ̀, tí kì í ṣe pé ó ti rẹ ènìyàn tàbí pé owó ọkọ̀ ti tán?

Èsì kìíní, láti ọwọ́ Bàbá Olùkọ́

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ ọpọlọ. Inú mi dùn pé o béèrè èyí kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé, nítorí mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ tí wọ́n fi ìwé kíkà lo gbogbo àkókò tí ó yẹ kí wọ́n fi kọ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni ẹni tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ tí o ń bá pàdé lemọ́lemọ́ yẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ni àwọn fáìlì Abe Prof. Ajẹ́lẹ̀ kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ kọ̀wé ránṣẹ́ sókè, èsì padà wá, akọ̀wé kan sì da ọ̀rọ̀ inú ìwé àkọ́kọ́ kọ sínú ìjábọ̀ ọdún náà. Bí o bá rí ọ̀rọ̀ kan náà nínú fáìlì mẹ́rin, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ọ́, tí àwọn mẹ́ta yòókù kàn ń gbé e kiri. Nítorí náà, ohun tí àtúnsọ yẹn fi hàn ni pé o ti mọ ohun tí ìjọba mọ̀, tàbí ohun tí ìjọba fẹ́ kọ sílẹ̀. Kò tíì fi hàn pé o mọ bí wọ́n ṣe ń gba owó lọ́wọ́ obìnrin ní ojúlé rẹ̀.

Ní 1967, Barney Glaser àti Anselm Strauss, àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà kan jáde tí ọ̀pọ̀ olùwádìí ń tẹ̀ lé títí dòní, pé kí ènìyàn dúró nígbà tí ohun tó ń rí kò bá fi nǹkan kan kún òye rẹ̀ mọ́. Ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń gbà. Ìdajì kejì ni pé kí olùwádìí ti kọ́kọ́ mọ̀ọ́mọ̀ lọ síbi tí ó ti lè rí ohun tó yàtọ̀ sí èyí tó ti rí, kí ó má ṣe jókòó síbi kan ṣoṣo kí ó sì wí pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ìwọ ti wá ohùn kan débi tó tán, ó kù kí o wá àwọn ohùn yòókù.

Ní ti fáìlì ìjọba fúnra wọn, ọ̀nà kan wà tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láti ọjọ́ pípẹ́. Ìwé ìjọba amúnisìn kì í dá wà. Ẹni tó kọ ọ́ máa ń tọ́ka sí nọ́ńbà fáìlì mìíràn tí ọ̀rọ̀ náà ti wáyé rí, nígbà mìíràn nínú ìwé náà, nígbà mìíràn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì. Kọ gbogbo nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí o sì máa béèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí nọ́ńbà tuntun kò bá yọjú mọ́, tí gbogbo èyí tí o ń rí ń darí rẹ padà sí fáìlì tí o ti kà, o lè fi ẹsẹ̀ rẹ balẹ̀ pé o ti yí ọ̀rọ̀ náà po nínú àkójọ yẹn. Èyí tí òṣìṣẹ́ bá wá tí kò rí, tàbí tí ikán ti jẹ, kọ nọ́ńbà tirẹ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí o béèrè rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, dìde kí o lọ sí Ilé Ìkàwé Kenneth Dike, níbi tí wọ́n kó àwọn ìwé Funmilayo Ransome-Kuti pamọ́ sí. Inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn kan náà ni òun àti National Archives wà. Ìwé ẹ̀sùn tí àwọn obìnrin kọ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wọn kì í ṣe ohun tí wọn yóò kọ sí Ajẹ́lẹ̀.

Èsì kejì, láti ọwọ́ Òṣìṣẹ́ Ilé Ìkàwé

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá Olùkọ́, àmọ́ mo fẹ́ kí á túbọ̀ ṣọ́ra fún ìmọ̀lára wa pé a ti rí ohun tó pọ̀ tó. Ìwádìí kan wà nínú iṣẹ́ wa tí mo máa ń rán gbogbo ẹni tó bá ń wá ìwé létí. David Blair àti M. E. Maron ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1985. Àwọn agbẹjọ́rò kan ń múra ẹjọ́ ńlá, wọ́n sì ní ìwé tó tó 40,000, tí ojú-ìwé rẹ̀ sún mọ́ 350,000, tí wọ́n ti kó sínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n lè máa wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n sọ ṣáájú pé àwọn gbọ́dọ̀ rí ìdá 75 nínú 100 gbogbo ìwé tó jẹ mọ́ ohun tí àwọn ń béèrè. Wọ́n wá a, wọ́n yí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń wá a padà, wọ́n tún un wá, títí ó fi tẹ́ wọn lọ́rùn. Nígbà tí àwọn olùwádìí náà yẹ ohun tó ṣẹ́kù wò, ohun tí àwọn agbẹjọ́rò náà ti rí ní ìpíndọ́gba kò ju nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 lọ.

Ẹ má ṣe rò pé wọn kò fi ara ṣiṣẹ́. Ohun tó fà á ni pé àwọn tó kọ ìwé náà kò pe ohun kan náà ní orúkọ kan náà. Ìjàǹbá tí ẹjọ́ dá lé lórí, àwọn kan pè é ní ìṣẹ̀lẹ̀, àwọn kan pè é ní ìṣòro, àwọn tí ẹ̀bi lè kàn sì ń pè é ní ohun tó ṣeni láàánú. Ẹni tó bá ń wá "ìjàǹbá" nìkan yóò rí ìwé púpọ̀, gbogbo wọn yóò sì jọ ara wọn, yóò wá gbà pé òun ti rí gbogbo rẹ̀.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwọn fáìlì Abẹ́òkúta. Bí ó bá jẹ́ fáìlì tí àkọlé rẹ̀ mẹ́nu kan owó-orí àti ìrúkèrúdò nìkan ni ẹ ń béèrè, àwọn ibi tí ìjọba gbà pé ọ̀rọ̀ owó-orí wà nìkan ni ẹ óò dé. Ẹjọ́ obìnrin tí kò rí owó san lè wà nínú ìwé kóòtù ìbílẹ̀ tí àkọlé rẹ̀ kò sọ nǹkan kan nípa obìnrin. Ìrẹsì tí wọ́n ń fipá gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì wà lára ohun tó kọ́kọ́ bí àwọn ọlọ́jà nínú, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ abẹ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti iye owó ọjà ni wọ́n kó o sí.

Nítorí náà, àbá mi ni pé kí ẹ dán ara yín wò kí ẹ tó dúró. Ẹ mú ìwé atọ́ka, kí ẹ yan fáìlì díẹ̀ láìṣe ojúsàájú láàárín àwọn tí àkọlé wọn kò jọ mọ́ iṣẹ́ yín rárá, kí ẹ sì kà wọ́n bí ẹ ṣe ń ka àwọn tó kù. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan níbẹ̀, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá sì rí ìwé kan péré tó ṣe pàtàkì, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà tí ẹ ń gbà yan fáìlì ní àléébù. Ọ̀nà tí Blair àti Maron gbà mọ ohun tí àwọn agbẹjọ́rò kò rí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí: wọ́n mú díẹ̀ lára àwọn ìwé tí ìwákiri náà kò gbé jáde, wọ́n sì ní kí àwọn agbẹjọ́rò náà fúnra wọn yẹ̀ wọ́n wò.

Ọ̀nà kejì wà bí ẹ bá ní ẹni tó lè ràn yín lọ́wọ́. Kí ẹni náà wá ohun kan náà nínú àkójọ kan náà, láìjẹ́ pé ẹ sọ ohun tí ẹ ti rí fún un. Ká ní ẹ̀yin rí ìwé 20, òun rí 15, tí 12 nínú wọn sì jẹ́ èyí tí ẹ̀yin méjèèjì jọ rí. Ẹ sọ 20 di ìlọ́po 15, kí ẹ wá pín in sí ọ̀nà 12. Èsì rẹ̀ jẹ́ 25, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀yin méjèèjì ti rí 23 lápapọ̀, ohun tó ṣẹ́kù kò lè pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 5 péré ni ẹ jọ rí, ìṣirò náà yóò fún yín ní 60, ẹ̀yin sì ti rí 30 péré, èyí tó túmọ̀ sí pé ìdajì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà fojú díwọ̀n iye ẹja inú odò tàbí ẹranko inú igbó nìyí. Ẹ má ṣe gbà á bí òfin, nítorí ìwé tó rọrùn láti rí ni ènìyàn méjì sábà máa ń jọ rí, iye tí ìṣirò náà bá sì mú jáde lè kéré sí òótọ́. Síbẹ̀, ó dára ju ìmọ̀lára lásán lọ.

Èsì kẹta, láti ọwọ́ Olùwádìí Èkó

Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rọ̀ kékeré ni tèmi, lórí owó ọkọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ náà mẹ́nu bà bí ẹni pé ohun ìtìjú ni. Kì í ṣe ìtìjú rárá. Eric Charnov, onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè, fi hàn ní 1976 pé ẹranko tó ń jẹun lórí igi kan máa ń jèrè jù lọ bí ó bá kúrò níbẹ̀ nígbà tí oúnjẹ tó ń rí ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan bá ti dínkù dé ìwọ̀n tó lè máa rí káàkiri gbogbo igbó náà, tí a bá ka àkókò ìrìn láti igi sí igi mọ́ ọn. Bí igi kejì bá ṣe jìnnà tó ni ó ṣe yẹ kí ó pẹ́ tó lórí èyí tó wà. Ní àwọn ọdún 1990, Peter Pirolli àti Stuart Card lo ìṣirò yìí fún bí ènìyàn ṣe ń wá ìmọ̀, ó sì bá ìrírí àwa tí a ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn mu. Bí mo bá ti gúnlẹ̀ sí Ìbàdàn, mo máa ń ka àwọn fáìlì tí ẹni tó ń gbé ní Bódìjà lè fi sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, nítorí pé ìrìn-àjò mìíràn yóò ná mi ju kíkà wọn lọ. Ilé Ìkàwé Kenneth Dike tí Bàbá Olùkọ́ dárúkọ kò jìnnà sí ibi tí ẹ wà. Nítorí náà, ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ rọ̀ mọ́ Abe Prof kò tó nǹkan.

Èsì kẹrin, láti ọwọ́ Agbohùnsílẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí lọ́kàn bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ yìí jẹ́ ohun tí ojú ènìyàn rí. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 ní 1947, bí ó bá wà láàyè lónìí, ó ti lé ní 90. Fáìlì lè dúró de yín di ọdún tó ń bọ̀, ìyá àgbà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní bi ara mi ní ìgbà tí n óò dúró nínú Abe Prof. Ọ̀la ni n óò dá a dúró, n óò lọ sí Aké, sí Ìtòkú, sí Kútọ̀, sí Òwu, n óò béèrè àwọn ìyá tó rántí ìgbà náà, lẹ́yìn náà ni n óò padà sídìí fáìlì. Ìbéèrè tí ẹ óò sì mú padà lọ síbẹ̀ yóò dára ju èyí tí ẹ ní báyìí lọ, nítorí wọn yóò dárúkọ àwọn agbowó-orí fún yín, wọn yóò dárúkọ àdúgbò, ẹ óò sì mọ fáìlì tí ẹ fẹ́ béèrè.

Ṣùgbọ́n àwa tí a ń gba ohùn sílẹ̀ náà ní ìṣòro tiwa nípa ìgbà tí a óò dúró. Ní 2006, Greg Guest àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn obìnrin 60 ní Ghana àti Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ àwọn 12 àkọ́kọ́ wò, díẹ̀ ni ohun tuntun tí àwọn yòókù mú wá. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ pé òun ti fọ̀rọ̀ wá ènìyàn 12 lẹ́nu wò, nítorí náà iṣẹ́ ti parí. Àwọn obìnrin inú ìwádìí yẹn jọ ara wọn ní ipò, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì bi gbogbo wọn. Ọlọ́jà Ìtòkú, ìyàwó olóyè, ọmọ ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì àti àgbẹ̀ obìnrin ní abúlé kò rí owó-orí bákan náà, kò sì yẹ kí ẹ ka ìkan mọ́ ìkejì.

Ohun tó tún burú ju ìyẹn ni pé ẹnu púpọ̀ lè jẹ́ orísun kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí Bàbá Olùkọ́ ṣe sọ nípa fáìlì. Samuel Johnson parí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá ní 1897. Àfọwọ́kọ náà sọnù, àbúrò rẹ̀ Obadiah tún un tò láti inú ohun tó kù, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Láti ìgbà náà, ó ti di àṣà kí á lọ sí ìlú kan, kí àgbà mẹ́ta jẹ́rìí sí ìtàn kan náà, kí á tó wá mọ̀ pé láti inú ìwé Johnson ni ó ti wọ ìlú náà, bóyá láti ẹnu tíṣà kan. Ìtàn Funmilayo Ransome-Kuti náà ti wà nínú ìwé, lórí rédíò àti lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí ìyá àgbà bá ń sọ fún yín bí àwọn obìnrin ṣe lọ sí ààfin, ó lè jẹ́ ohun tó gbọ́ ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé ta ni ó san owó tirẹ̀, níbo ni wọ́n fi rìsíìtì rẹ̀ pamọ́ sí, ta ni ó sá pamọ́ sílé wọn nígbà tí àwọn agbowó-orí ń bọ̀. Kò sí ìwé tó kọ́ ọ ní ìyẹn. Lórí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni mo fi ń mọ ìgbà tí mo lè dúró. Tí àwọn tí kò mọ ara wọn, tí wọn kò gbé àdúgbò kan náà, bá ń ṣe àpèjúwe ọ̀nà kan náà nínú ohun tí ìwé kò kọ, mo gbà pé mo ti dé ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn dáhùn

Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà mi. Ọ̀rọ̀ Agbohùnsílẹ̀ wọ̀ mí lára jù, n óò sì yí ètò iṣẹ́ mi padà. Abẹ́òkúta ni n óò kọ́kọ́ lọ, n óò kó orúkọ àwọn agbowó-orí àti àdúgbò tí mo bá gbọ́ jọ, kí n tó padà sí Ìbàdàn láti lọ wo ìwé kóòtù àti àwọn ìwé inú Ilé Ìkàwé Kenneth Dike. Ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọjà Ìbàdàn ti gbà láti bá mi wá nǹkan nínú àkójọ kan náà, kí á lè ṣe ìṣirò tí Òṣìṣẹ́ Ilé Ìkàwé fi hàn wá, èmi náà yóò sì ṣe tirẹ̀ fún un. Ohun kan ló kù tó ń kọ mí lóminú. Bí mo bá ṣe gbogbo èyí tí n kò sì rí ìdáhùn sí apá kan ìbéèrè mi, ṣé kí n máa wá a lọ ni, àbí kí n yọ apá náà kúrò nínú àpilẹ̀kọ?

Bàbá Olùkọ́ dáhùn

Má ṣe yọ ọ́, má sì ṣe máa wá a lọ láìlópin. Herbert Simon, tó gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 1978, ti kọ ọ́ láti 1956 pé ẹ̀dá kì í lè wá ohun tó dára jù lọ nínú gbogbo ohun tó wà, nítorí pé agbára àti àkókò rẹ̀ ní ìwọ̀n. Ohun tó lè ṣe ni kí ó pinnu ìwọ̀n tó tó fún un, kí ó sì mú èyí àkọ́kọ́ tó bá dé ìwọ̀n náà. Ìwọ̀n yẹn ni kí o jókòó kọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí o tó gbéra lọ sí Abẹ́òkúta, nítorí ẹni tó bá dúró dìgbà tí ó rẹ̀ ẹ́ kí ó tó pinnu rẹ̀ yóò pinnu ohun tí àárẹ̀ bá fẹ́. Fún ìbéèrè rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kọ irú ẹ̀rí tí yóò tẹ́ ọ lọ́rùn: bóyá ìwé ìjọba kan, ìwé ẹgbẹ́ kan, àti ẹnu ènìyàn méjì tí kò mọ ara wọn. Fi hàn alábòójútó rẹ, kí òun náà fọwọ́ sí i.

Èyí tí o kò bá rí, fún un ní ìpín tirẹ̀ nínú orí tí o ti ṣàlàyé ọ̀nà ìwádìí rẹ. Kọ àkójọ tí o wá a nínú rẹ̀, láti nọ́ńbà fáìlì wo dé èwo, àwọn ọ̀rọ̀ tí o fi wá a, àwọn fáìlì tí wọn kò rí fún ọ, àwọn àdúgbò tí o kò dé, àti oṣù tí o dá a dúró. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú lẹ́yìn rẹ yóò lè bẹ̀rẹ̀ láti fáìlì tó tẹ̀ lé èyí tí o kà kẹ́yìn.